Òòyà Tí Mo Gbẹ́ fún Ìyá Mi

Nígbà tí mo wà ní kékeré, tí orí mi kò tíì ga kọjá ibi tí àwọn obìnrin ilé wa máa ń fi aró kùn dé lára ògiri, kò sí ẹni tí í ra ohun ẹ̀ṣọ́ ilé lọ́jà. Ọwọ́ la fi ń ṣe é. Ẹ̀yin ọmọ òde òní tí ẹ ń kan fọ́tò mọ́ ògiri, tí ẹ ń ta aṣọ bo fèrèsé, ẹ má rò pé ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ mọ ohun tí a ń pè ní ilé tó dára. Ilé amọ̀ la gbé, koríko la fi bo òrùlé rẹ̀, ṣùgbọ́n bí ẹ bá wọ agbo ilé wa nígbà tí ọdún ku ọ̀la, ẹ ó bọ́ bàtà kí ẹ tó tẹ ilẹ̀ rẹ̀, bí ẹ bá tilẹ̀ ní bàtà.

Abúlé wa wà ní agbedeméjì Ẹgbẹ́dá àti Àkànràn. Àgbẹ̀ ni bàbá mi. Ìgbà náà ni kòkó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ oko wa, ọkọ̀ ojú irin ti dé Ìbàdàn, àwọn èèyàn sì ń fi ẹsẹ̀ rìn láti abúlé lọ síbẹ̀, kí wọ́n ṣáà lè fi ojú ara wọn rí i. Ọmọ Àkànràn ni ìyá mi. Èmi ni àkọ́bí wọn, èmi nìkan sì ni ọmọ tó wà nílẹ̀ nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀. Ìyá tó bí bàbá mi ń gbé pẹ̀lú wa. Ìyá Àgbà ni gbogbo ilé ń pè wọ́n. Obìnrin kúkúrú ni wọ́n, ẹnu wọn ló gùn.

Bí òjò bá ti ká ẹsẹ̀ nílẹ̀, tí ọyẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́, tí ètè gbogbo wa ń là, iṣẹ́ ilé rírẹ́ dé nìyẹn. Òjò a ti ta ẹrẹ̀ sí ìsàlẹ̀ ògiri, ibòmíràn a ti ya, ibòmíràn a ti ṣí. Àwọn obìnrin a lọ wa amọ̀ pupa létí odò, wọ́n a ṣa ìgbẹ́ màlúù níbi tí àwọn Fúlàní bá da ẹran kọjá sí, wọ́n a pò ó mọ́ amọ̀. Ẹ má yínmú. Bó bá gbẹ tán, kò ní òórùn kankan, òun gan-an ló ń mú kí ògiri le. Ìsàlẹ̀ ògiri ni wọ́n ń fi gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ aró kùn títí yóò fi dúdú bí kóró iṣin, òkè rẹ̀ a wá pupa fòò.

Àmọ́ kíkùn lásán kọ́ ni ti ìyá mi. Wọ́n ní òòyà kan tí a fi igi gbẹ́. Ó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́, eyín mẹ́rin péré ló ní. N kò rí i kí wọ́n fi ya irun rí. Ògiri ni wọ́n ń fi í yà. Bí amọ̀ bá ṣì tutù lára ògiri, wọ́n a ki òòyà náà bọ̀ ọ́, wọ́n a máa wọ́ ọ lọ láti ọwọ́ òsì sí ọwọ́ ọ̀tún. Òòyà a lọ kọ́lọkọ̀lọ, a gòkè, a sọ̀ kalẹ̀, a yípo bí ìgbín, ìlà mẹ́rin a sì tẹ̀lé ara wọn láìkan ara wọn. Wọn kì í kọ́kọ́ fi èédú sàmì sí i. Bí wọ́n bá ṣe tán, wọ́n a sún sẹ́yìn, wọ́n a ní, “Ó jọ ilé èèyàn báyìí.”

Bí ìta ti rí, bẹ́ẹ̀ ni inú yàrá wọn rí. Ohun gbogbo ló ní ààyè tirẹ̀. Pẹpẹ alámọ̀ kan wà lára ògiri, orí rẹ̀ ni wọ́n to igbá fínfín wọn sí, ńlá nísàlẹ̀, kékeré lókè, títí tí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àjà. Ẹní tí a kò bá lò, wọ́n a ká a, wọ́n a gbé e nàró sí kọ̀rọ̀. Bí mo bá mú igbá kan tí n kò dá a padà sí ààyè rẹ̀, wọn kò ní nà mí. Wọ́n á kàn wo igbá náà, wọ́n á wo ojú mi, èmi náà á sì dìde. Wọn a máa wí pé ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde, pé ẹni tí yàrá rẹ̀ bá rí wúruwùru, kò sí aṣọ tí yóò wọ̀ síta tí yóò bò ó.

Àṣà kan tún wà nínú ìdílé wa. Bí ọdún ìdílé bá ti ń súnmọ́, olúkúlùkù wa, àtọmọdé àtàgbà, gbọ́dọ̀ fún ẹnì kan ní ohun tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe. Àwọn kan a hun abẹ̀bẹ̀, àwọn kan a di ìgbálẹ̀, àwọn ọkùnrin a gbẹ́ àpótí ìjókòó tàbí kí wọ́n hun agbọ̀n. Èmi, ọ̀ṣùká ni mo máa ń ṣe, nítorí òun ló rọ̀ mí lọ́rùn jù. Ohun tí a bá rà kò sí lára rẹ̀. Àwọn àgbà ní owó kì í rẹ̀, ọwọ́ ló ń rẹ̀, pé ohun tó rẹ ẹni tó ṣe é ni a ń pè ní ẹ̀bùn ọdún.

Ní ọdún tí mò ń wí yìí, ìyá mi rẹ́ ilé tán, wọ́n sì lọ sí Àkànràn láti lọ kí àbúrò wọn tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n lò níbẹ̀. Bàbá mi ní tiwọn ti lọ sí Ìbàdàn kí ó tó dìgbà náà, wọ́n ti rí ilé ajẹ́lẹ̀ tí ó funfun báláú, ilé náà sì ti wọ̀ wọ́n lójú. Ni wọ́n bá ra ẹfun òyìnbó, wọ́n mú bíríkìlà kan bọ̀ láti ìgboro, bíríkìlà sì fi ẹfun kun gbogbo ojú ilé wa pátá, ó bo ìlà òòyà mọ́lẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n má parọ́ mọ́ òkú. Bàbá mi kò fi ìkà ṣe é. Wọ́n fẹ́ kó jẹ́ ẹ̀bùn ọdún fún ìyá mi ni. Wọ́n gbàgbé pé rírà ni wọ́n rà á.

Mo wà níbẹ̀ nígbà tí ìyá mi dé. Wọ́n dúró lójúde pẹ̀lú ẹrù lórí, wọ́n wo ilé bí ẹni tó ṣìnà. Wọ́n sọ ẹrù kalẹ̀, wọ́n lọ fi ọwọ́ pa ògiri, ọwọ́ wọn sì funfun.

“Ta ló nu ọwọ́ mi kúrò lára ilé yìí?”

Bàbá mi, tí wọ́n ti ń retí ìyìn láti àárọ̀, ní, “Ṣé kò dáa ni? Bí ilé ajẹ́lẹ̀ ṣe rí gan-an nìyí.”

“Ẹ lọ fẹ́ ìyàwó ajẹ́lẹ̀ nígbà náà.”

Ẹyin lohùn. Bàbá mi fèsì, ìyá mi náà fèsì, n kò ní tún gbogbo rẹ̀ sọ fún yín. Nígbà tó yá, ìyá mi wọlé, wọ́n mú òòyà wọn jáde, wọ́n fi orókún dá a sí méjì, wọ́n jù ú sẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n gbé ẹrù tí wọn kò tíì tú padà sórí, wọ́n sì kọrí sí Àkànràn. Mo sunkún tẹ̀lé wọn títí dé ìdí igi ọ̀pẹ tó wà ní ìpẹ̀kun oko wa. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ní kí n padà, kí n lọ máa ran Ìyá Àgbà lọ́wọ́.

Oṣù kan kọjá. Ìyá Àgbà ní kí bàbá mi lọ bẹ ìyá mi. Bàbá mi ní àwọn kò ṣẹ ẹnikẹ́ni, pé ẹni tó bá fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ ni yóò fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ bọ̀. Ilé wa wá dákẹ́. Ògiri funfun náà kò tiẹ̀ dùn ún wò mọ́, adìyẹ ti gbọn eruku sí i lára, èmi náà sì ti fi ọwọ́ epo kàn án níbi mélòó kan, bóyá mo mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é, bóyá n kò mọ̀ọ́mọ̀.

Ṣùgbọ́n mo ti ṣa òòyà tó dá sí méjì náà, mo ti fi í pamọ́ sábẹ́ ẹní mi. Nígbà tí ọdún wá ń súnmọ́, tí kálukú ń múra ẹ̀bùn, mo rò ó pé ta ni mo fẹ́ ṣe ẹ̀bùn fún bí kò bá ṣe ìyá mi, kí sì ni wọ́n nílò bí kò bá ṣe òòyà. Bí wọ́n bá rí òòyà tuntun, wọn yóò rántí ògiri, wọn yóò sì padà wá yà á. Bí mo ṣe rò ó nìyẹn. Mo gé ọparun gbígbẹ, mo là á, mo gbé àfọ́kù òòyà àtijọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, mo ń wò ó gbẹ́ tuntun. Ọ̀bẹ gé mi ní ìka. Ẹ wò ó, àpá rẹ̀ rèé títí dòní. Èyí àkọ́kọ́ fọ́, èkejì náà fọ́. Ẹ̀kẹta ló dúró, ṣùgbọ́n eyín kan nínú rẹ̀ gùn ju mẹ́ta yòókù lọ. Mo bẹ̀rù pé bí mo bá tún fi ọ̀bẹ kàn án yóò dá, mo bá fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Mo fi ewé ìpín ha á títí ó fi jọ̀lọ̀, mo fi osùn pa á lára.

Ìyá olóbì kan wà ní abúlé wa tó máa ń ná ọjà Àkànràn. Mo fi ewé kókò wé òòyà náà, mo fi ìko dì í, mo gbé e fún wọn.

“Ẹ jọ̀ọ́, Ìyá, ẹ bá mi gbé e fún ìyá mi. Ẹ má sọ ọ̀rọ̀ kankan o. Ẹ jẹ́ kó yà wọ́n lẹ́nu.”

Ìyá olóbì rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, “Ẹnu mi ti dí.” Wọ́n sì pa àdéhùn mọ́. Wọ́n gbé e dé ilé bàbá ìyá mi, wọ́n ní láti ilé ọkọ ni, wọ́n sì bá tiwọn lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ti ń rẹ́rìn-ín, ẹ ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ. Ẹ̀yin tí ẹ kò mọ̀, ẹ jẹ́ kí n là á. Láyé ìgbà náà, tí ìwé kò tíì pọ̀, àrokò la fi ń ránṣẹ́. Ohun tí a bá dì ránṣẹ́ sí ẹni, òun fúnra rẹ̀ ni ọ̀rọ̀, orúkọ rẹ̀ sì ni a ń kà. Òòyà ńkọ́? A ti yà. Bí obìnrin bá bínú kúrò nílé ọkọ, tí òòyà sì ti ilé ọkọ wá bá a láìsí ọ̀rọ̀ kankan, ó parí nìyẹn, kó má wulẹ̀ padà mọ́. Gbogbo àgbà ló mọ̀ ọ́n. Èmi kò mọ̀ ọ́n. Òòyà ògiri ni mo mọ̀.

Ní ọjọ́ kẹrin, a ń jẹ ẹ̀kọ lọ́wọ́ ní àárọ̀ nígbà tí ẹ̀gbọ́n ìyá mi ọkùnrin dé, pẹ̀lú àwọn ọmọbìnrin méjì tó ru agbọ̀n òfìfo. Bàbá mi dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi kò ní kí wọ́n dìde.

“A kò bá ti ìkíni wá. Àrokò yín ti tẹ̀ wá lọ́wọ́. Ẹrù ọmọ wa la wá kó.”

“Àrokò wo, ẹ̀gbọ́n?”

“Ẹ máa fi wá ṣeré lọ.”

Wọ́n fi orí júwe yàrá fún àwọn ọmọbìnrin náà. Kò pẹ́ tí mo fi ń gbọ́ ìró igbá tó ń kan igbá. Wọ́n ń kó igbá ìyá mi kúrò lórí pẹpẹ, wọ́n ń kó kékeré mọ́ ńlá láìlétò, mo sì ń wò wọ́n láti ẹnu ọ̀nà. Bàbá mi yíjú sí Ìyá Àgbà láti orí ilẹ̀ tí wọ́n wà.

“Ìyá, ṣé ẹ̀yin lẹ ránṣẹ́ ni?”

“Èmi kẹ̀? Èmi tí mò ń pariwo kí o lọ bẹ̀ ẹ́, ìwọ olórí kunkun yìí! Ìwọ lo ránṣẹ́, o fẹ́ dì í rù mí!”

Nígbà náà ni ẹ̀gbọ́n ìyá mi ki ọwọ́ bọ àpò, wọ́n sì yọ òòyà mi jáde.

Bí mo bá sọ̀rọ̀, mo rò pé pàṣán ni yóò dá mi lóhùn. Ṣùgbọ́n bí mo bá dákẹ́, ìyá mi kò ní padà wá mọ́ láéláé. Mo sáré lọ fa àfọ́kù òòyà àtijọ́ yọ lábẹ́ ẹní mi, mo kúnlẹ̀, mo tò ó sílẹ̀ níwájú wọn.

“Èmi ni mo gbẹ́ ẹ, Bàbá. Ẹ̀bùn ọdún ni. Òòyà ògiri ni. Èyí tí ìyá mi dá ni mo ṣe òmíràn fún wọn.”

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi gbé òòyà tuntun sẹ́gbẹ̀ẹ́ àfọ́kù, wọ́n ka eyín rẹ̀, wọ́n sì wo ìka mi tí mo fi àkísà dì. Ìyá Àgbà ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín, wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú wọn. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi kò rẹ́rìn-ín.

“Ìyá rẹ kò tíì fi oúnjẹ kan ẹnu láti ìgbà tí eléyìí ti dé,” ni wọ́n wí fún mi jẹ́jẹ́. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí ju pàṣán lọ. Wọ́n wá yíjú sí bàbá mi. “Ọmọdé kò mọ̀, ó dáa. Ẹ̀yin ńkọ́? Oṣù kan gbáko, ẹ kò yọjú. Ìdákẹ́ yín ti sọ ohun tí òòyà sọ.”

Bàbá mi dìde nílẹ̀. Wọ́n mú àdá lẹ́yìn ilẹ̀kùn, mo rò pé oko ni wọ́n ń lọ. Wọ́n lọ dúró níwájú ògiri, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fá ẹfun náà kúrò. Wọ́n fá a láti ẹnu ọ̀nà títí dé abẹ́ fèrèsé, ẹfun ń dà sí wọn lórí, irùngbọ̀n wọn funfun, wọ́n ń wúkọ́, wọ́n sì ń fá a. Ìyá Àgbà kò rẹ́rìn-ín mọ́. Nígbà tó yá, bàbá mi bu ẹ̀kúnwọ́ kan nínú ohun tí wọ́n fá sílẹ̀, wọ́n fi ewé pọ́n ọn.

“Ìyá, ẹ bá mi gbé e fún un. Yóò mọ ohun tí mo wí.”

“Ká má rí i!” ni Ìyá Àgbà dáhùn. “A ti rí ohun tí ẹrù tí kò lẹ́nu ń fà. Ojú lọ̀rọ̀ wà. Ìwọ alára ni yóò gbé e, ìwọ alára ni yóò sì sọ ọ́.”

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ní kí àwọn ọmọbìnrin náà dá igbá padà. Wọn kò mọ bí a ṣe ń tò ó. Èmi ni mo tò ó, ńlá nísàlẹ̀, kékeré lókè.

A dé Àkànràn nígbà tí oòrùn ti ń rẹlẹ̀. Ìyá mi jókòó sábẹ́ ìbòòji ilé bàbá wọn, ojú wọn ti wú. Ìyá Àgbà kò tiẹ̀ jẹ́ kí wọ́n kí wa tán, wọ́n fi òòyà náà sí wọn lọ́wọ́.

“Ìyàwó mi, òdì lẹ ka àrokò yìí sí. Ta ló ní a ti yà? Ọmọ rẹ ló gbẹ́ ẹ, ohun tó sì ń wí ni pé kí o yà sílé.”

Bàbá mi gbé ewé ẹfun kalẹ̀. Ọ̀rọ̀ kì í pọ̀ lẹ́nu wọn. Wọ́n ní, “Mo ti fá a. Ó yẹ kí n kọ́kọ́ bi ọ́. Ọwọ́ rẹ ni mo fẹ́ lára ilé mi.”

Ìyá mi ń yí òòyà náà síhìn-ín sọ́hùn-ún. “Eyín kẹta yìí gùn jù,” ni wọ́n wí. Lẹ́yìn náà ni wọ́n rí ìka mi. Wọ́n fà mí mọ́ra, wọ́n sì bú sẹ́kún, èmi náà sì bá wọn sun ún.

A ti padà sílé kí ọdún tó kò. Ibi tí bàbá mi fá ni ìyá mi fi amọ̀ rẹ́, wọ́n fi ìyókù sílẹ̀ ní funfun. Wọ́n ní ẹfun kò ṣẹ àwọn, àìbéèrè ló ṣẹ àwọn. Òòyà mi ni wọ́n fi yà á. Eyín tó gùn yẹn kò jẹ́ kí ìlà dọ́gba, ọ̀kan máa ń jìn ju mẹ́ta yòókù lọ níbi gbogbo tí òòyà bá gbà. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n fi ọ̀bẹ gé e, wọ́n kọ̀ jálẹ̀. Títí wọ́n fi darúgbó, òun ni wọ́n ń lò. Ẹni tó bá wọ abúlé wa, tó rí ìlà mẹ́rin tí ọ̀kan jìn nínú rẹ̀, á ti mọ ilé tí ó jẹ́.

Ilé náà ti wó tipẹ́. Ilé sìmẹ́ǹtì onípáànù ló wà níbẹ̀ báyìí, ọ̀dà ni wọ́n fi kùn ún, ó sì dára, n kò ní purọ́. Òjò kì í ṣí i, a kì í sì í ṣa ìgbẹ́ màlúù kiri nítorí rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí mo bá fi ọwọ́ pa á, n kò bá ọwọ́ ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Ẹ̀bùn ọdún pẹ̀lú ti yàtọ̀. Ṣọ́ọ̀bù ni ẹ ti ń rà á, ẹlòmíràn ni yóò fi bébà dídán wé e, awakọ̀ ni yóò sì gbé e wá fún mi láti Ìbàdàn.

Ní ọdún tó kọjá, ọmọ ọmọ mi kan fi ẹ̀bùn ránṣẹ́. Mo tú u, òòyà oníke ni, kò sí ọ̀rọ̀ kankan pẹ̀lú rẹ̀. Mo rò pé àrokò ni. Mo ránṣẹ́ pè é, mo bi í pé kí ni mo fi ṣẹ̀ ẹ́. Ẹnu ya ọmọ náà. Ó ní, “Ìyá Àgbà, kí ẹ máa fi ya irun ni.”

Mo rẹ́rìn-ín, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní iṣẹ́ ń dúró de òun, ó sì ti wọkọ̀ lọ kí n tó bu omi fún un. Mo gbé òòyà rẹ̀ sórí pẹpẹ, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ọlọ́parun tí eyín kan gùn nínú rẹ̀. Àwọn méjèèjì wà níbẹ̀. Ẹ̀bùn yín ń dé déédéé, ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ̀yin gan-an ni n kò rí. Ẹ fi ọjà tiyín sílẹ̀ sí ṣọ́ọ̀bù. Ẹ yà sílé.